Owó oògùn ní Amẹ́ríkà: ibi tó yẹ kí ìfura yín wà

Tí ẹ bá mú ìwé dókítà kan náà lọ sí fámásì méjì ní Amẹ́ríkà, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ọ̀kan bá pe ìlọ́po mẹ́rin iye tí èkejì pè. Oògùn ò yàtọ̀, mílígíráàmù ò yàtọ̀. Àdéhùn tí àwọn ẹlòmíì ti tọwọ́ bọ̀ kí ẹ tó débẹ̀ ló yàtọ̀.

Ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni alárinà tó wà láàárín ilé-iṣẹ́ oògùn, fámásì àti adójútòfò. Mẹ́ta ló di ọjà náà mú: CVS Caremark, Express Scripts àti Optum Rx. Nínú ìwé oògùn márùn-ún, bíi mẹ́rin ló ń gba ọwọ́ wọn kọjá. Àwọn ló ń ṣètò àkójọ oògùn tí adójútòfò máa dá sí. Kí oògùn tó lè gba ipò tó dáa nínú àkójọ yẹn, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é á dá owó padà fún wọn, ìdá kan nínú iye tí wọ́n kọ sórí oògùn ni owó yìí sì sábà máa ń jẹ́. Bí iye náà bá ṣe ga tó ni owó ìdápadà ṣe ń pọ̀ tó. Ta ló wá ń san iye orí oògùn yẹn gan-an? Ẹni tí kò ní adójútòfò, àti ẹni tí adójútòfò rẹ̀ ní kó kọ́kọ́ náwó ara rẹ̀ dé iye kan lọ́dún kí àwọn tó dá sí i.

Ẹ wo insulin. Ọdún 1921 ni wọ́n ṣàwárí rẹ̀ ní Toronto, àwọn tó ni pátẹ́ǹtì rẹ̀ sì ta ẹ̀tọ́ wọn fún yunifásítì ibẹ̀ ní dọ́là kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Eli Lilly gbé Humalog, irú insulin kan, jáde ní 1996, bíi dọ́là 21 ni ìgò kan. Nígbà tó fi di 2017, ó ti tó 275, ohun tó wà nínú ìgò ò sì yí padà. Ní 2023 ilé-iṣẹ́ náà kéde pé àwọn máa gé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ṣeé gé tó báyìí, kí ló gbé e gun òkè láti ọjọ́ yìí?

Kì í ṣe pátẹ́ǹtì nìkan ló ń fa ọ̀wọ́n. Daraprim, oògùn kan tó ń gbógun ti kòkòrò àrùn, ti wà láti ọdún 1953, pátẹ́ǹtì rẹ̀ ti parí tipẹ́, síbẹ̀ ní 2015 ni ilé-iṣẹ́ Turing, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, gbé hóró kan láti dọ́là 13.50 sí 750. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń tà á ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ẹni tí kò ní alábàádíje ló ń dá iye lé ọjà bó ṣe wù ú.

Ìfura aráàlú ò sì ṣẹ̀yìn ìrírí. Ilé-iṣẹ́ Merck kó Vioxx, oògùn ìrora kan, kúrò lọ́jà ní 2004 nítorí ewu ọkàn. Ní 2007, ilé-iṣẹ́ Purdue tó wà lẹ́yìn OxyContin, oògùn ìrora tó lágbára, gbà nílé ẹjọ́ pé àwọn parọ́ nípa bí oògùn náà ṣe ń di bárakú. Ní 2020, Purdue tún jẹ̀bi. Ẹni tó bá ní òun ò gbà wọ́n gbọ́ kò ṣàìmọ̀kan.

Àmọ́ ibi tí ìfura yẹn ń bọ́ sí ló ń bà mí nínú jẹ́. Àwọn kan á sá fún jẹ́nẹ́ríìkì, ẹ̀dà oògùn tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ń ṣe lẹ́yìn tí pátẹ́ǹtì bá parí, torí pé owó rẹ̀ kéré, wọ́n á ní kò lágbára. FDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kì í gbà á wọlé àyàfi tí èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó bá jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Àwọn tó ń sọ pé òfin gbà kó dín ní 20 nínú ọgọ́rùn-ún ṣi ìdíwọ̀n tí FDA ń lò kà, ìyẹn 80 sí 125 nínú ọgọ́rùn-ún iye oògùn àkọ́kọ́ tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe àròpín ló wà fún. Àlàfo àṣìṣe tó yí àròpín ká látòkè délẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ pátá, èyí sì máa ń fipá mú àròpín fúnra rẹ̀ sún mọ́ 100. Nígbà tí FDA ṣàyẹ̀wò ìdánwò 2,070, ìyàtọ̀ tó wà nínú iye oògùn tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ní àròpín, kò tó 4 nínú ọgọ́rùn-ún.

Mi ò ní parọ́ pé àwọn tó ń ṣe jẹ́nẹ́ríìkì mọ́ tónítóní. Ranbaxy, ọ̀kan nínú wọn, gbà ní 2013 pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn títa oògùn tí kò péye, ó sì san dọ́là mílíọ̀nù 500. Ní 2018 wọ́n rí NDMA, èròjà tó lè fa jẹjẹrẹ, nínú àwọn valsartan kan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ fi orúkọ ilé-iṣẹ́ àti nọ́ńbà lọ́ọ̀tì tó wà lára ìgò wé àkójọ tí FDA gbé síta. Ẹ má kàn dá oògùn dúró o: ẹ máa lò ó títí apoògùn á fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi clonidine tàbí metoprolol dúró lójijì lè rí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àyà dídùn tó burú ju èyí tó ń tọ́jú lọ.

Oògùn mẹ́ta wà tí mo máa ń fẹ́ kí èèyàn lò láti ilé-iṣẹ́ kan náà nígbà gbogbo: warfarin (fún ẹ̀jẹ̀ dídì), levothyroxine (fún ẹṣẹ́ thyroid ọrùn tí kò ṣiṣẹ́ tó) àti phenytoin (fún wárápá). Àlàfo tó wà láàárín ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ń pani lára kéré gan-an nínú wọn. Bí hóró bá yí àwọ̀ tàbí ìrísí padà, ẹ bi apoògùn bóyá ilé-iṣẹ́ ló yí padà, kí ẹ sì sọ fún dókítà. Fún levothyroxine, wọ́n á tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kántà. Ẹ rí i pé dókítà ò kọ “Dispense as Written” (ẹ fún un gẹ́lẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́) síbi tí kò pọn dandan, torí ìyẹn ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ jẹ́nẹ́ríìkì. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè pé: “Tí mi ò bá lo adójútòfò, èló ni?” Tẹ́lẹ̀, àdéhùn kan máa ń di apoògùn lẹ́nu pé kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́, òfin méjì ti fòpin sí i ní 2018. Fún jẹ́nẹ́ríìkì tó ti pẹ́, owó ọwọ́ lè kéré ju iye tí adójútòfò ní kí ẹ dá. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé owó tí ẹ san láìlo adójútòfò kì í sábà wọnú iye tí ẹ gbọ́dọ̀ ná kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ìtọ́jú yín. Bí ẹ bá mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ ń bọ̀ lọ́dún náà, ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn méjì tí wọ́n pò mọ́ ara wọn. Mílígíráàmù 800 ibuprofen (oògùn ìrora) àti mílígíráàmù 26.6 famotidine (oògùn ásíìdì ikùn) ló wà nínú Duexis, àwọn méjèèjì sì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní owó pọ́ọ́kú, síbẹ̀ ó ti fìgbà kan ju dọ́là 1,000 lọ lóṣù. Ẹ ní kí dókítà kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ti gígé hóró oògùn sí méjì, ẹ bi apoògùn kọ́kọ́. Èyí tó ní ilà láàárín ló sábà ṣeé gé. Èyí tí wọ́n kọ ER tàbí XR (tó ń tú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀) tàbí EC (tí wọ́n fi nǹkan bò kó má tètè yọ́ nínú ikùn) sí lára, ẹ má gé e, torí ìwọ̀n wákàtí mẹ́rìnlélógún ti ER tàbí XR lè tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ti EC á sì pàdánù ìbòrí rẹ̀.

Fún àwọn tó wà lórí Medicare, ètò adójútòfò ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn àgbàlagbà àti àwọn aláàbọ̀ ara kan, dọ́là 35 lóṣù ni òkè téńté owó insulin kọ̀ọ̀kan láti 2023. Káàdì ẹ̀dínwó tí ilé-iṣẹ́ oògùn ń pín ò ṣeé lò mọ́ Medicare, òfin ló kà á léèwọ̀. Àkójọ oògùn tún máa ń yí padà ní January kọ̀ọ̀kan, nítorí náà láàárín October 15 sí December 7, ìgbà tí ẹ lè pààrọ̀ ètò, ẹ fi orúkọ oògùn yín àti ìwọ̀n rẹ̀ wá a lórí Medicare.gov lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó jẹ́ kí ètò tí ẹ wà lórí rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀.