Ọdún àpáàdì: àyẹ̀wò tèmi rèé o

Ẹ kú òpin ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ látoṣù Kìíní, àmọ́ kí n má parọ́, mi ò rántí ẹ̀. Oṣù Kejì mo san owó ilé, ìyẹn nìkan ló yé mi. Ohun tó gba gbogbo ọdún yìí lọ́wọ́ mi ni ẹ̀yìnkùlé Bọ̀dá Láṣùn tá a to àpáàdì sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ bó ṣe jẹ́. Látèṣí ni mo ti ń pariwo land art kiri Ifẹ̀, pé ká fi ewé, òkúta, amọ̀ ṣe ọnà sórí ilẹ̀ níbi tá a ti rí wọn, ká wá fi í sílẹ̀ fún òjò àti oòrùn, bóyá àwọn ọmọ tó ń tẹ fóònù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ á tún rántí ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀. Ìyá Ìbejì ní ṣé iṣẹ́ nìyẹn. Mo ní ọ̀gbẹ́ni kan, Robert Smithson, lọ́dún 1970, ó da òkúta àti erùpẹ̀ tó ju 6,000 tọ́ọ̀nù lọ sínú adágún oníyọ̀ kan ní Utah ní Amẹ́ríkà, ó ká a bí ìkarahun ìgbín. Wọ́n ní ta ló sanwó ẹ̀. Mo dákẹ́.

Màmá ló gbà mí. Ọmọ Ìpetumodù tó ti mọ ìkòkò títí ọwọ́ fi le bí awọ, ẹ rò pé wọ́n á gbà kí n máa fi Amẹ́ríkà yangàn? "Kí lo ń wá lọ sọ́hùn-ún? Àpáàdì tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ Ifẹ̀ ńkọ́?" Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, tí wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Ẹ sì lọ wo ilẹ̀ yẹn dáadáa, wọn ò tẹ́ àpáàdì yẹn ní pẹrẹsẹ o, ńṣe ni wọ́n nà wọ́n ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí eegun ẹja, wọ́n to òkúta funfun wẹ́wẹ́ mọ́ ọn.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, èmi àtàwọn ọmọ mẹ́sàn-án. Ìkòkò tó là nínú iná ni Màmá kó fún wa (ẹni tó fi owó Màrúwà tá a fi kó o ránṣẹ́, Ọlọ́run á bù kún ẹ). Àwọn ọmọ ń fi ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé tíìkì ra ọwọ́ títí ó fi pọ́n, ìyá ọ̀kan rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, ó fẹ́ẹ̀ dá rúgúdù sílẹ̀. Màmá jókòó sórí àpótí: "Nà á ró! Mo ní má tẹ́ ẹ!" Tí wọ́n bá ti yíjú, màá tẹ́ díẹ̀, ẹ̀yìn ló ń dùn mí.

Mo ṣàlàyé fún Màmá pé òjò máa gbé e lọ, pé ibẹ̀ gan-an ni adùn ẹ̀ wà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Torí pé o ò mọ ìkòkò sun rí ni."

Oṣù Kẹsàn-án, Màmá lọ.

Wọ́n ní àgbà ló lọ, ká má sunkún, ká ṣe ìnáwó. A ṣe é. Ìrẹsì jóná, aṣọ ẹbí mi kúrú bíi yunifọ́ọ̀mù ọmọ praimárì, ẹ ti rí fọ́tò, ẹ ti rẹ́rìn-ín tán, ó tó.

Òjò ńlá oṣù Kẹwàá wá dé. Èmi tí mo ti fi odindi ọdún wàásù pé kí òjò máa gbé e lọ, aago méjì òru ni mo gbé tapólì, sílípáàsì ẹsẹ̀ kan, mo ń sáré lọ bo àpáàdì. Bọ̀dá Láṣùn tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú, wọ́n ti rò pé olè ni. "Ṣebí ìwọ lo ní òjò ló ni ín?" Mo ní mo wá wò ó ni. Pẹ̀lú tapólì.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ewé ti lọ, òkúta funfun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, gbogbo èyí tí mo dọ́gbọ́n tẹ́ ti bómi lọ pátá. Àwọn tá a nà ró ò mira.

Tẹ̀tẹ̀ ti ń hù láàárín wọn báyìí, ẹ sì máa gbà á gbọ́, Ìyá Ìbejì ló ń já a lọ sebẹ̀. Àwọn ọmọ ṣì ń wá ní Sátidé, fóònù náà ṣì ń bá wọn wá, fídíò ni wọ́n ń ṣe, mi ò ní parọ́ pé mo ti tún ẹnikẹ́ni ṣe.

Lọ́dún tó ń bọ̀, tí Ọlọ́run bá fẹ́, a fẹ́ fẹ̀ ẹ́ dé ìdí ìyeyè. Àpáàdì ló ti tán. Ìkòkò kan ló kù, èyí tí Màmá sun kẹ́yìn, ẹnu ẹ̀ ló wọ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n fọ́ ọ mọ́ iṣẹ́ mi. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà, ṣájà ni mo ń kó sí i.

"Àǹtí, ṣé a máa fọ́ ọ lónìí?" Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń bi mí. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.