Mọ́ọ̀lù àárín ìgboro ń kógbá sílé

Alẹ́ Ọjọ́rú

Aago ọwọ́ mi ti kú láti ọjọ́ Ajé. Bátìrì rẹ̀ ló tán, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni mo máa ń jẹ́ kó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀: bàbá tó ń tún aago ṣe ní òkè kejì mọ́ọ̀lù àárín ìgboro. Bí mo ṣe ṣíwọ́ iṣẹ́ lónìí, ibẹ̀ ni mo gbà lọ. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti débẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo ti ń gbọ́ pé èrò ò fi bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀ mọ́, àmọ́ mi ò mọ̀ pé ó ti le tó báyìí.

Ẹnu ọ̀nà mẹ́rin ni ilé náà ní. Wọ́n ti fi ṣéènì de mẹ́ta. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yí gbogbo rẹ̀ po tán kí n tó rí èyí tó ṣí. Inú ilé dá páropáro, ó tutù, ẹ̀rọ amúlétutù ṣì ń kùn lókè bíi pé èrò ń bọ̀. Àtẹ̀gùn oníná tó máa ń gbé èèyàn lọ sókè ti dúró gbagidi, wọ́n ta okùn aláwọ̀ ìyeyè sí i lẹ́sẹ̀. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ bákan náà, àmọ́ wọn ò ta okùn sí i, òun ni mo fẹsẹ̀ gùn. Ẹni tó bá ti ṣe é rí á mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹsẹ̀ á máa retí kí nǹkan gbé e, nǹkan ò ní gbé e, èèyàn á wá máa ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.

Ara ògiri ló dá mi dúró. Wọ́n ti yọ orúkọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ti lọ, ṣùgbọ́n ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lẹ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀ mọ́ ju ògiri tó yí i ká lọ, torí eruku ò ráyè débẹ̀ láti ọdún gbọọrọ. Wọ́n ti kó orúkọ lọ, mo sì ń kà á. Mo ka mọ́kànlá. Ìkejìlá ni ṣọ́ọ̀bù bàtà tí mo ti ṣiṣẹ́.

Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà yẹn, iṣẹ́ owó oṣù àkọ́kọ́ mi nìyẹn. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo máa ń wà láti àárọ̀ Sátidé títí di alẹ́. Irin pẹlẹbẹ kan wà tí a fi ń wọn ẹsẹ̀, ó tutù bíi yìnyín, gbogbo ọmọdé tó bá gbẹ́sẹ̀ lé e ló máa ń fa ẹsẹ̀ yọ, màmá wọn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Èrò máa ń to ìlà dé ìta. Nígbà tí a bá ti ilẹ̀kùn tán, eékún mi á ti pupa. Síbẹ̀, inú mi máa ń dùn láti padà lọ lọ́jọ́ kejì, torí kò síbi tí ayé wà nínú ìlú nígbà yẹn tó ibẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ló ń gba ibẹ̀ kọjá. "Ká pàdé níbi omi" la máa ń sọ fún ara wa, a kì í tún ṣàlàyé omi wo.

Omi náà ti gbẹ. Agbada ńlá kan ni, oní táìlì búlúù, tí omi máa ń fò sókè láàárín rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Àwọn tó ń ju owó wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà ò sí mọ́, wọ́n ti kó owó náà lọ, àmọ́ àpá rẹ̀ ṣì wà lára táìlì, roboto roboto, àwọ̀ ìpẹtà. Mo fi ìka kan ọ̀kan nínú wọn. Kò ṣeé nù kúrò.

Ibẹ̀ ni màmá kan ti kọjá lára mi, ó wọ bàtà eré ìdárayá, ó ń yára rìn. Kò pẹ́, ó tún kọjá. Mo kí i. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni mo máa ń yí i po, ọmọ mi. Dókítà ló ní kí n máa rìn nítorí orúnkún mi." Ó ní àwọn tó ń rìn pẹ̀lú òun tẹ́lẹ̀ tó mẹ́sàn-án, ó ti ku òun nìkan. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, òjò kì í débẹ̀, ọkọ̀ ò lè kọ lu ẹnikẹ́ni, ìjókòó sì wà bó bá rẹ̀ ẹ́. Mo bi í léèrè pé, "Bí wọ́n bá wá tì í ńkọ́, mà?" Ó wò mí, ó ní, "Ohun tí mo ń bi Ọlọ́run nìyẹn," ó sì ń rìn lọ.

Nígbà tí mo délé, mi ò lè ṣe nǹkan mìíràn. Mo jókòó, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa Victor Gruen, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ya irú mọ́ọ̀lù báyìí. Láti ìgbà tí mo ti ń ta bàtà ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ti wọ̀ mí lọ́kàn. Ìlú Vienna ni wọ́n ti bí i ní 1903. Ayàwòrán ilé ni, Júù ni, nígbà tí àwọn Násì sì gba Austria ní 1938, ó sá lọ sí Amẹ́ríkà. Ohun tó bá níbẹ̀ bà á lọ́kàn jẹ́: ìlú tó ń fẹ̀ lọ gbuuru, kí èèyàn máa wa mọ́tò láti ṣọ́ọ̀bù kan dé òmíràn láìfojú kan ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ kí wọ́n ní ohun tí Vienna ní, ibi tí ẹsẹ̀ lè máa ṣe fàájì, kí èèyàn jókòó, kó rí ojú èèyàn. Bó ṣe ya Southdale nìyẹn, ní Edina lẹ́bàá Minneapolis, tí wọ́n ṣí ní 1956. Òun ni mọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n bo gbogbo rẹ̀ lórí, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ ṣàkóso ooru àti òtútù inú rẹ̀, torí òtútù ibẹ̀ ń pa èèyàn. Ó fẹ́ kí ilé ìgbé, ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ọgbà yí i ká. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ló yí i ká.

Ẹ̀yìn ìlú ni irú mọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ń wà. Wọ́n ń fa èrò kúrò ní ìgboro, àwọn ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí ìgboro tiwọn náà á ṣe ní ọ̀kan. Ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, ṣọ́ọ̀bù ńlá méjì tó ń du oníbàárà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, McCurdy's àti Forman's, ló pawọ́ pọ̀, wọ́n ní kí Gruen yà á fún wọn. Midtown Plaza ni wọ́n pè é, wọ́n ṣí i ní 1962. Òun ni mọ́ọ̀lù abẹ́ òrùlé àkọ́kọ́ tó wà ní àárín ìgboro gan-an ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gbẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí sí abẹ́ ilẹ̀. Àwọn èèyàn wá láti ìlú mìíràn kí wọ́n lè kọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é.

Aago kan wà níbẹ̀ tí mo ti wo àwòrán rẹ̀ títí ojú fi ń ro mí. Aago Àwọn Orílẹ̀-Èdè ni wọ́n ń pè é. Ó ní àpótí roboto méjìlá, orílẹ̀-èdè méjìlá ló wà nínú wọn, bí àkókò bá tó, wọ́n á ṣí, àwọn ọmọláńgidi inú wọn á máa jó sí orin. Bí Kérésìmesì bá dé, ọkọ̀ ojú irin kékeré á máa gbé àwọn ọmọdé yí òkè ibẹ̀ ká. Nínú àwòrán kan, ọmọ kan gbójú sókè, ó la ẹnu sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Mo mọ ojú yẹn. Ojú tí àwọn ọmọdé máa ń ṣe níwájú omi wa nìyẹn.

Àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá méjì náà kógbá sílé nínú àwọn ọdún 1990. Wọ́n ti Midtown pa ní 2008, ní 2010 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó o.

Ti Columbus ní Ohio tilẹ̀ yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. 1989 ni wọ́n ṣí City Center sí àárín ìgboro wọn, ó dán, gbogbo ìlú ń rọ́ lọ. Mọ́ọ̀lù tuntun mẹ́ta sì jáde ní ẹ̀yìn ìlú, ọ̀kan ní 1997, ọ̀kan ní 1999, ọ̀kan ní 2001. Ní 2009 wọ́n tì í, ní 2011 koríko ti wà níbi tó wà, wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́. Ogún ọdún péré.

Mo mẹ́nu kan èyí torí gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ lọ́fíìsì ló ń sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì ló pa mọ́ọ̀lù wa. Mi ò gbà. Ní ọdún 2000, nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là tí àwọn èèyàn ń ná lọ́dọ̀ àwọn olùtajà ní Amẹ́ríkà, kò tó dọ́là kan tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, àrùn sì ti wọ ara ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀lù ìgboro nígbà náà. Íntánẹ́ẹ̀tì bá aláìsàn nílẹ̀ ni.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí àrùn tiwa bẹ̀rẹ̀. Nídìí òwò yẹn, ṣọ́ọ̀bù ńlá ni òpó ilé. Òun ló ń pe èrò wá, nítorí náà owó tí onílé ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kéré gan-an sí bó ṣe gba àyè tó. Àwọn kéékèèké tó wà láàárín ló ń san owó gidi. Wọ́n á fi òpó kan sí ìpẹ̀kun ọ̀tún, wọ́n á fi òmíràn sí ìpẹ̀kun òsì, kí ẹni tó ń ti ọ̀kan bọ̀ sí èkejì lè kọjá níwájú gbogbo wa. Àwọn kéékèèké náà gbọ́n, ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bí ṣọ́ọ̀bù ńlá bá kó lọ, owó àwọn á dín, tàbí kí àwọn náà lè kó jáde. Ọ̀gá mi fi ìlà yẹn hàn mí nínú ìwé wa ní ọ̀sẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù ńlá ìpẹ̀kun òsì palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó na ìka sí i, ó ní, "Gbogbo ẹni tó wà nínú ilé yìí ń ka ìlà yìí lónìí." Òótọ́ ló sọ. Kí ọdún tó yí po, mẹ́jọ ti lọ. Bí ṣọ́ọ̀bù sì ṣe ń dín, iná, omi, ìtọ́jú òrùlé àti owó àwọn ẹ̀ṣọ́ ò dín. Àwọn tó kù ló ń pín in san.

Ohun tó ń dùn mí jù ò sí nínú ìwé àdéhùn kankan. Bí mo ṣe ń wá ẹnu ọ̀nà lónìí, mo fara balẹ̀ wo ilé náà láti ìta, ohun tí mi ò ṣe rí ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ògiri lásán ni. Kò sí fèrèsé, kò sí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kankan tó kọjú sí títì. Ó kẹ̀yìn sí ìgboro pátápátá, gbogbo ẹwà rẹ̀ wà nínú. Nígbà tó wà lókìkí, ó kó èrò títì wọlé, àwọn oníṣòwò tó wà lójú títì sì pa ilẹ̀kùn dé lọ́kọ̀ọ̀kan. A ń yọ̀ nínú ilé nígbà yẹn, a ò gbọ́. Ní báyìí tí inú ilé dá, èrò ò rí títì padà sí. Ibi tí ẹsẹ̀ méjì lè pàdé láìṣe pé ẹnì kan fẹ́ ra nǹkan ni a pàdánù, a sì pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Gruen fúnra rẹ̀ padà sí Vienna ní ìparí àwọn ọdún 1960. Lẹ́yìn tó padà débẹ̀ ni wọ́n kọ́ mọ́ọ̀lù ńlá kan sí ẹ̀yìn ìlú náà. Ní 1978, ó sọ ọ́ ní gbangba pé òun kọ àwọn mọ́ọ̀lù yẹn, wọn kì í ṣe ọmọ òun. Ó kú ní 1980. Nígbàkígbà tí mo bá dé ibẹ̀ yẹn nínú ìtàn rẹ̀, mo máa ń dáwọ́ kíkà dúró.

Mi ò tíì sọ ti bàbá aago. Iná kan ṣoṣo ló tàn ní ìsọ̀ òkè kejì, òun ló jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ó fi gíláàsì rẹ̀ há ojú ọ̀tún, ó fi ọ̀bẹ tín-ín-rín kan ṣí ẹ̀yìn aago mi, ó yọ bátìrì tí kò tó bọ́tìnnì ẹ̀wù. Kò mí rárá títí ó fi ki tuntun bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ ti lẹ́tà kan sí ọ̀dọ̀ mi lórí tábìlì. Onílé ló kọ ọ́. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni gbogbo ẹni tó kù gbọ́dọ̀ jáde.

Mo ní, "Bàbá, ibo lẹ máa wá kó lọ?"

Ó ní òun ti gba ìsọ̀ kékeré kan sí ẹ̀yìn ibẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí títì. "Ọdún 22 ni mo fi jókòó síbí. Mi ò kì í mọ̀ bí òjò bá ń rọ̀, àfi bí oníbàárà bá gbé agboorùn tó tutù wọlé. Mo fẹ́ máa rí òjò."

Mo bi í pé ta ló ń tọ́jú aago ńlá tó wà lókè omi, torí mo rí i pé òun nìkan ló ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo ilé náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun ni. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti san owó rẹ̀ gbẹ̀yìn, àmọ́ bí òun bá ń kọjá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, òun á gun àkàbà, òun á tún un ṣe.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Màmá yẹn ṣì ń rìn. Mo dúró lẹ́bàá omi, mo wo aago náà, mo wo ọwọ́ mi. Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ni àwọn méjèèjì wí.