Símẹ́ǹtì Nílé, Igi Lókè Òkun

Àwọn ará ilé gbà pé ẹni tó bá kú sí Ìlú Ọba, ìjọba ni yóò gbé e, ìjọba ni yóò sin ín. Wọ́n ní àwa ọmọ rẹ̀ kàn máa wọ dúdú ni, a ó dúró ti pósí dídán, a ó sì gba ibi iṣẹ́ wa lọ. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, epo mọ́tò àti ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́, ẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Òtútù, owó ilé àti iṣẹ́ òru tiwa náà, ẹ ti gbọ́ ọ gbọ́ sú. Ibi tí ìlú méjèèjì ti yàtọ̀ débi pé ó ń dunni ni ọjọ́ tí ẹni ẹni bá kú, àti ohun tí a ń ṣe sí ilẹ̀ tí a tẹ́ ẹ sí.

Ní Èkìtì, kí a tó túfọ̀ tán, ilé ti kún. Ẹnìkan ń dáná, ẹnìkan lọ yá àga, àwọn ìyá ìjọ ti tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọn kò sì ní jẹ́ kí opó dá sùn. Òkú wà ní mọ́ṣúárì, owó rẹ̀ ń gorí ara wọn, ẹbí ń jiyàn lórí ọjọ́, lórí màlúù, lórí àwọ̀ aṣọ ẹbí. Ní ti ìwé, bí kò bá sí owó ìfẹ̀yìntì tàbí owó báńkì tí wọ́n fẹ́ gbà, ọ̀pọ̀ ẹbí kì í dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ òkú sílẹ̀ rárá.

Ní Ìlú Ọba, ìwé ló ń ṣáájú ẹkún. Dókítà tó tọ́jú olóògbé ni yóò kọ ohun tó pa á. Láti ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, dókítà mìíràn tí kò sí nínú ìtọ́jú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní medical examiner, gbọ́dọ̀ yẹ ìwé náà wò, yóò bá ẹbí sọ̀rọ̀, kó tó fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọjọ́ 5 tí òfin fún ẹbí láti lọ forúkọ òkú sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìjàǹbá bá wà níbẹ̀, tàbí tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á, ọ̀rọ̀ ti di ti coroner tó ń wádìí ikú, wọ́n lè la òkú wò, ìdúró náà sì lè di ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ mú ìwé ìrìnnà olóògbé dání lọ síbi ìforúkọsílẹ̀, àti ìwé ìgbéyàwó bí ó bá wà. Wọn yóò béèrè orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n bí i, iṣẹ́ tó ṣe, ibi tó ń gbé, orúkọ ọkọ tàbí aya. Ibẹ̀ ni tiwa ti máa ń lọ́. Ìyá tó jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ nílé, tó jẹ́ Comfort ní ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà nínú ìwé kan, orúkọ ọkọ rẹ̀ nínú èkejì. Ọjọ́ ìbí náà, ṣe ni wọ́n fojú bù ú nígbà tó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà. Ìpínlẹ̀ Èkìtì pàápàá kò sí kó tó di ọdún 1996, nítorí náà ìwé àtijọ́ á máa pe ibẹ̀ ní Òǹdó tàbí Ìwọ̀ Oòrùn. Gbogbo orúkọ tó ti jẹ́ rí ni kí ẹ sọ fún akọ̀wé. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ka ohun tó kọ létà kọ̀ọ̀kan, torí pé àtúnṣe lẹ́yìn ìyẹn ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ àti owó tirẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà bíi mélòó kan lọ́jọ́ kan náà, nítorí báńkì a máa béèrè ojúlówó. Ètò kan wà tó ń jẹ́ Tell Us Once tó ń fi ikú náà tó ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba létí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má ṣàìlò ó, yóò gbà yín lọ́wọ́ orin tí fóònù ń kọ bí wọ́n bá ní kí ẹ dúró.

Bó bá jẹ́ pé ilé lẹ ń gbé òkú lọ, coroner gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́, bí kò tilẹ̀ sí ẹjọ́ nínú ikú náà. Lẹ́yìn èyí ni ìwé pé wọ́n ti fi oògùn tọ́jú òkú, ìwé pé kò ní àrùn tó ń ranni, àti pósí tí wọ́n fi páànù síńkì tẹ́ inú rẹ̀ tí wọ́n sì jó pa kí ọkọ̀ òfuurufú tó gbà á. Bí ìwé kan bá yẹ̀, pósí ò ní kúrò, ọjọ́ tí ẹbí sì ti tẹ̀ sórí pósítà nílé ń sún mọ́.

Ẹni tó ń ṣe gbogbo èyí, òun nìkan ló ń ṣe é. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020, bí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18 bá kú, òfin fún òbí ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ti ìyá tàbí bàbá tó kú, ìwọ̀n àkókò tó bójú mu lòfin kàn sọ, kò sì ní kí wọ́n san owó rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀gá ni ìyókù wà. Níbí, aládùúgbò rere ni ẹni tó bá ti káàdì ìbánikẹ́dùn gba ihò lẹ́tà ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tí yóò wọlé láìpè, tí yóò jókòó tì ọ́ láìsọ nǹkan kan, tí yóò sì fi agbára bu iyán síwájú rẹ. Ní apá yìí, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ fún mi, Èkìtì ló ṣe é dáadáa.

Ilẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní Ìlú Ọba, káńsù kì í ta ilẹ̀ sàréè fún ẹbí. Ẹ̀tọ́ láti sin òkú síbẹ̀ ni wọ́n ń tà, kò sì lè ju ọdún 100 lọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ará ilé á ní èèmọ̀ rèé, wọ́n ń háyà ilẹ̀ fún òkú! Wọ́n ní tiwọn wà níwájú ilé, títí ayé ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níwájú ilé. Wọ́n gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n yíká, wọ́n da kankéré tó ní irin ródù lé e, wọ́n wá fi táìlì pé e. Ní ọ̀sán, láfún ni wọ́n ń sá sórí bàbá. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, mo rò pé inú bàbá á dùn sí i. Símẹ́ǹtì náà ni ẹjọ́ mi.

Lábẹ́ púpọ̀ nínú ilẹ̀ Èkìtì, àpáta ni. Omi kànga tí à ń mu, inú erùpẹ̀ tó wà lórí àpáta náà ló ń sùn sí, bí òjò bá sì ti pọ̀, ó ń gòkè. Inú erùpẹ̀ kan náà la gbẹ́ sàréè sí. Búlọ́ọ̀kù kò dá omi dúró. Omi á wọlé, á dúró síbẹ̀, á sì jáde ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́ níbi tí kànga wà. Òjò tó yẹ kí ilẹ̀ mu sì ń ṣàn lórí táìlì lọ sí ìpìlẹ̀ ilé. Ní Ìlú Ọba, sàréè gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga omi mímu tó mítà 250 ó kéré tán, kó jìnnà sí odò mítà 30, kí mítà 1 erùpẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ní àgbàlá tiwa, ẹ fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Ní ọdún 1993, wọ́n ṣí ibi ìsìnkú kan ní ìlú Carlisle níbí, tí igi ń dúró fún òkúta. Ọ̀pọ̀ ló ti wà báyìí. Púpọ̀ nínú wọn kì í gba òkú tí wọ́n fi fọ́málìn tọ́jú. Pósí gbọ́dọ̀ jẹ́ páálí, ẹ̀ka igi híhun tàbí pákó lásán, aṣọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè jẹrà, bí òwú. Kòtò rẹ̀ kì í jìn tó tiwa, nítorí òkè ilẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti àwọn ohun kéékèèké tó ń sọ nǹkan di erùpẹ̀ pọ̀ sí. Wọ́n á kó erùpẹ̀ jọ gègèrè sórí rẹ̀ torí pé yóò rì, tó bá rì tán ni wọ́n ń gbin igi, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta tí igi ń sùn. Àwọn tó sun òkú, tó sì pọ̀ jù lọ níbí, a máa rò pé eérú jẹ́ ajílẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń jó gbòǹgbò. Bí wọ́n bá dà á sójú kan, igi á gbẹ. Ẹ pò ó mọ́ erùpẹ̀ púpọ̀ kí ẹ tó bò ó.

Mo mọ ohun tí wọn yóò sọ: ẹ ti di òyìnbó, ẹ ti gbàgbé ilé. Ẹni tó dúró sílé tó sì bo gbogbo àgbàlá bàbá rẹ̀ ní táìlì, kò tọ́jú ilẹ̀ bàbá jù wá lọ. A jìnnà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwa là ń rán owó símẹ́ǹtì náà. Nígbà tí àbúrò bá kọ ọ́ sórí WhatsApp pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ wo bí àwọn ará Ìdó ṣe fi mábù ṣe ti màmá wọn," a lẹ́tọ̀ọ́ láti dáhùn pé rárá.

Ohun tí a ó san owó fún rèé. Ẹ kó erùpẹ̀ bo màmá, kí ẹ fi òkúta kan kọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tó jìnnà sí ògiri tó mítà 5, ẹ gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ bàtà 2 ní ìbú àti ní jíjìn nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, kí ẹ gbin obì àbàtà tàbí orógbó sí i. Ẹ kó erùpẹ̀ òkè sọ́tọ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ dà padà, pẹ̀lú ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà. Tútù rẹ̀ á jó gbòǹgbò. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó lọ́dún àkọ́kọ́, torí oòrùn ń pa obì kékeré. Ẹ fi ọparun sọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́, kí ẹ sì ro àyíká rẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé, torí iná ìgbẹ́. Láti oṣù kọkànlá títí òjò yóò fi padà, kó mu korobá omi kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹni tí yóò máa bu omi náà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, kí a mọ ẹni tí a ó máa sanwó fún lóṣooṣù.