Kí ará ilé wa má baà sá fún Jésù nítorí tiwa

Ẹni tí ìyá rẹ̀, ọkọ rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ kò tíì mọ Kristi mọ ohun tí mo ń sọ. Oorun á dá lójú ẹni lóru, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo á sì máa pààrà ọkàn. Mi ò ní ní kí ẹ má dààmú, torí Pọ́ọ̀lù náà sọ nínú Róòmù 9 pé ìbànújẹ́ kì í kúrò lọ́kàn òun nítorí àwọn ìbátan òun. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ìdààmú yìí gan-an, bí a ò bá mọ bí a ṣe ń gbé e, òun ló máa ń lé wọn jìnnà.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹ jẹ́ ká gbà pé ìkéde ti pẹ́ nílẹ̀. Ọdún 1855 ni Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, gbé ìyìnrere dé ìlú yìí, láti 1898 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi sì ti wà. Bàbá tó ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ lè ti ka ìwé rẹ̀ nílé ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi, kó ṣì rántí orin tí wọ́n fi ń jáde ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, bí a bá jókòó tì í tí à ń sọ ohun tó ti gbọ́ láti ogójì ọdún, kì í ṣe pé kò gbọ́. Ó ń wò wá ni. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó gbọ́ yẹn ti ṣiṣẹ́ kankan lára ọmọ tó bí.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ará ilé mọ ohun tí ìjọ kò mọ̀. Wọ́n mọ iye tí ẹ jẹ ẹ̀gbọ́n yín, wọ́n sì mọ ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ sí ìyàwó bàbá yín lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín ilẹ̀. Ẹ san gbèsè náà, bó bá ṣe díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ lọ bẹ ẹni tí ẹ ṣẹ̀ lójúkojú; fóònù kò tó. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, ẹ ó sì dárúkọ ohun tí ẹ ṣe gan-an láìfi “ṣùgbọ́n” kún un. Ẹ má pe onítọ̀hún wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ yẹn rárá. Bí ìpè bá tẹ̀ lé ẹ̀bẹ̀, ẹ̀bẹ̀ náà á di ìdẹ lójú rẹ̀, kò sì ní gbà á gbọ́ mọ́.

Ní ti àdúrà, orúkọ mẹ́ta tó. Ẹni tó kọ ogún orúkọ sílẹ̀ á máa kà wọ́n bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ kíláàsì, nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, á ti sú u. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí orúkọ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ máa bèèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí Olúwa ṣí ọkàn rẹ̀ bí ó ti ṣí ti Lìdíà nínú Ìṣe 16, kí ó mú ìbòjú tí 2 Kọ́ríńtì 4 sọ nípa rẹ̀ kúrò, kí ó rán òṣìṣẹ́ mìíràn sí i, kí ó sì fún ẹ̀yin náà ní ọ̀rọ̀ tó yẹ ní àkókò tó yẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́ tó. Ẹ kọ déètì sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá rí ìyípadà, ì báà jẹ́ pé ó kan gbà kí ẹ gbàdúrà sí oúnjẹ ni.

Ẹ má fojú kékeré wo ẹ̀kẹta yẹn, “òṣìṣẹ́ mìíràn.” Ọ̀pọ̀ bàbá kò lè gba ẹ̀kọ́ ẹ̀mí lẹ́nu ọmọ tí wọ́n fọ ìdí fún. Kì í ṣe agídí, bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn. Ẹ wò ó dáadáa, ta ni bàbá yín máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu? Ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀, tàbí oníbàárà rẹ̀ ní ọjà. Bí ẹni náà bá jẹ́ Onígbàgbọ́ tòótọ́, ẹ lọ bá a, ẹ sọ ẹrù yín fún un, kí ẹ sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un.

Ohun tó máa ń ba nǹkan jẹ́ jù lọ ni àdúrà òru inú ilé. Ẹ fojú inú wò ó: aago kan òru, yàrá ọmọ fara ti yàrá bàbá, ògiri kan ṣoṣo ló pín wọn níyà, òrùlé sì ṣí síra. Ọmọ ń gbá ọwọ́, ó ń pariwo pé kí iná jó gbogbo ọ̀tá ilé bàbá òun. Bàbá wà lórí ẹní rẹ̀ ní ìhà kejì, ojú rẹ̀ là kedere, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ta ni ó rò pé wọ́n ń pè ní ọ̀tá? Bí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní sọ nǹkan kan, àmọ́ ìlẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ ti tì. Bí ẹ bá fẹ́ ké, ẹ lọ sí ilé àdúrà tàbí orí òkè. Nínú ilé, kí ohùn yín rẹlẹ̀, kí orúkọ bàbá yín sì jáde pẹ̀lú ìbùkún, kó lè jẹ́ pé bó bá gbọ́, ìbùkún ló máa gbọ́.

Ẹ má ṣe wàásù fún àgbà níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, níbi ìsọmọlórúkọ tàbí lọ́jọ́ Iléyá. Ẹ má bú Ànábì, ẹ má bú òrìṣà. Bí wọ́n bá gbé ẹran Iléyá wá tí ẹ̀rí ọkàn yín kò gbà á, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ má gbà á kí ẹ lọ dà á nù lẹ́yìn ilé, torí ọmọdé á rí yín, á sì sọ. Nígbà ààwẹ̀, ẹ gbé ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ lọ kí wọ́n fi ṣínu.

Bí ààyè ọ̀rọ̀ bá wá ṣí, ó sábà máa ń jẹ́ lẹ́yìn Ìṣáì, ìrun alẹ́, nígbà tí ara ti tù wọ́n tí ẹ sì wà ní ẹ̀yin méjì. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Ẹ̀rí yín kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ: bí mo ti rí tẹ́lẹ̀, ohun tí Kristi ṣe fún mi nígbà tó kú tó sì jíǹde, ohun tó yí padà lára mi tí àwọn náà lè jẹ́rìí sí. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Dídákẹ́ yìí ló nira jù. Mùsùlùmí mọ Màríámù, orúkọ rẹ̀ ni Súrà 19 ń jẹ́, nítorí náà Lúùkù orí 1 àti 2 jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó dára. Ẹni tí kò lè kàwé, ẹ fi Lúùkù ní Yorùbá sórí mẹ́mórì káàdì fún un. Orí 24 ni, orí kan lálẹ́, oṣù kan kò ní pé tó fi parí.

Ẹ̀yin ìyàwó tí ọkọ yín kò tíì gbàgbọ́, 1 Pétérù 3 sọ pé a lè jèrè ọkọ láìsí ọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á bínú sí mi, àmọ́ bí ìpàdé ọjọ́rú, ìṣọ́ òru ọjọ́ ẹtì àti ìpàdé lẹ́yìn ìsìn kò bá jẹ́ kí oúnjẹ ọkọ yín gbóná rí, ẹ yọ ọ̀kan nínú wọn kúrò. Ọkùnrin tó bá ń fi ebi dúró de ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi á ka Jésù sí orogún.

Ní ìgbà àìsàn, bóyá ní ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi tó ti di ti Yunifásítì Bowen, iṣẹ́ ọwọ́ ló ń ṣíwájú. Ẹ gbé ògì gbígbóná sínú fúláàsì lọ, ẹ gbé ọṣẹ, ẹ gbé aṣọ tó ti dọ̀tí lọ fọ̀. Ẹ bèèrè pé, “Bàámi, ṣé kí n gbàdúrà fún yín?” Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ tún ìrọ̀rí wọn ṣe, kí ẹ jókòó. Bí wọ́n bá gbà, ìṣẹ́jú kan tó, ní orúkọ Jésù, ní ohùn tí aláìsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ní jí sí. Ẹ má fi ikú halẹ̀ mọ́ ẹni tí ara ń ro láti gba ìpinnu lẹ́nu rẹ̀. Ìpinnu bẹ́ẹ̀ kì í bá wọn délé.

Ó lè pẹ́. Jòhánù 7 sọ pé àwọn arákùnrin Jésù fúnra wọn kò gbà á gbọ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n jọ gbé ilé kan náà. Lẹ́yìn àjíǹde ni a tó rí wọn nínú Ìṣe 1 níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà pẹ̀lú ìyá wọn.

Lọ́jọ́ kan, láìròtẹ́lẹ̀, bàbá lè bèèrè pé, “Aago mélòó lẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín?” Ẹ má kígbe halelúyà. Ẹ dáhùn pé, “Aago mẹ́sàn-án ni, bàámi. Màá wá gbé yín ní mẹ́jọ àbọ̀.” Kí ó tó di ọjọ́ náà, ẹ lọ bá àwọn tó ń fi ìjókòó han èèyàn, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe ní kó dìde bí àlejò, torí ọ̀pọ̀ àgbà ni ojú tì níbẹ̀ tí wọn kò padà wá mọ́. Ẹ fi wọ́n jókòó ní àárín, nítòsí ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá délé, ẹ má bèèrè bí ìwàásù ṣe rí. Ẹ bèèrè bóyá bẹ́ǹṣì yẹn kò dun orúnkún wọn, kí ẹ gbé oúnjẹ kalẹ̀, kí ẹ sì dúró kí àwọn ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.