Aró lẹ́yìn òròmọdìẹ

Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ 22, oṣù Kẹta.

Iná ò wá lóru, bátìrì kámẹ́rà ò ju ìlàjì lọ, mo bá bá ara mi sọ ọ́ pé n ò ní máa tẹ̀ ẹ́ ní ìtẹ̀kutẹ̀ lónìí. Mo gbé àpótí Màmá onílé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, mo kọjú sí igi àràbà tó wà lẹ́yìn ilé lọ́nà ọ̀sà. Òwú àràbà ti ń bọ́. Ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ tí wọ́n sá, ó ń lẹ̀ mọ́ lẹ́ǹsì, àìmọye ìgbà ni mo fẹnu fẹ́ ẹ dànù kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ni àwòdì méjì, takọtabo, ti ń kó igi gbígbẹ lọ sórí rẹ̀. Ọyẹ́ le nígbà náà, gbogbo fọ́tò mi rí bí ẹni fi àwọ̀n bojú. Igi nìkan kọ́ ni wọ́n kó o. Wọ́n kó àkísà, wọ́n kó ọ̀rá omi, wọ́n kó okùn àwọ̀n apẹja. Nǹkan funfun kan wà tí akọ gbé kọjá lọ́jọ́ kan, ìgbà tí mo fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà ni mo tó rí i pé ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé ni. Ìbọ̀sẹ̀ yẹn ṣì wà nínú ìtẹ́ di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ní nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù náà, abo jókòó pa. N ò lè rí ẹyin láti ibi tí mo wà, ọjọ́ ni mo ń kà. Ó di ọjọ́ 33 kí n tó rí i tó ń já ẹran wẹ́wẹ́, tó sì ń tẹ orí ba sínú ìtẹ́. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti yà á. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ewé ò tíì sí lórí àràbà, yóò dìde dúró, yóò na ìyẹ́ méjèèjì bí ẹni ṣí agboòrùn lé àwọn ọmọ lórí. Ìdí tí n kì í fi í lọ sídìí igi nìyẹn. Bí mo bá lé e dìde, oòrùn ni yóò pa wọ́n. Orí méjì ni mo kọ́kọ́ ń rí. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹyọ kan ni.

Àwọn tí mo ń fi fọ́tò hàn a máa bi mí bóyá àṣá tó ń já wálẹ̀ ju 300 kìlómítà lọ ní wákàtí nìyí. Rárá o. Ìyẹn ń pa ẹyẹ lójú òfuurufú. Tèmi yìí, àgógó rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ìrù rẹ̀ là díẹ̀ ní ìpẹ̀kun, ó sì ń yí i sọ́tùn-ún sósì bí atukọ̀ ṣe ń fi àjẹ̀ tọ́ ọkọ̀. Ní ọjà Olúwo, ó já wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń ha ìpẹ́ ẹja, ó gbé ìfun lọ, ó ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń fò. Mo gbé ìyára kámẹ́rà sí 1/2000 ìṣẹ́jú-àáyá. Ìyẹ́ jáde, ojú ò jáde.

Òní ni ojú jáde. Aago méje ààbọ̀, akọ dé pẹ̀lú nǹkan lẹ́sẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ẹ̀kẹrin ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo ti yà láti oṣù Kìíní: oòrùn àárọ̀ gba inú ìyẹ́ kọjá, ọmọ na ọrùn sókè, ó la ẹnu. Mo fẹ̀ ẹ́ kí n wo ẹsẹ̀. Òròmọdìẹ ni. Aró wà lẹ́yìn rẹ̀.

Màmá onílé ló ń fi aró kun tirẹ̀, kí ó má baà dà pọ̀ mọ́ ti ilé kejì. Mọ́kànlá ni àgbébọ̀ rẹ̀ pa. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń kà wọ́n sókè lábẹ́ àtẹ̀gùn, bó bá ti ń kà á, èmi a máa ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpò. Bó bá rí òjìji lórí ilẹ̀, á pàtẹ́wọ́, á kígbe “Hùú! Olè!” Èmi á ti gbé kámẹ́rà sókè. Lóṣù tó kọjá ó fẹ́ wá ẹni tí yóò gun igi náà kó ìtẹ́ wálẹ̀. Mo ní, “Màmá, àràbà kọ́ lèèyàn ń gùn ṣeré.” Ó dákẹ́. Ojú tì mí, torí kì í ṣe ẹ̀rù àràbà ló ń bà mí.

Ó gòkè wá lónìí bí mo ṣe ń wo fọ́tò náà. “Afọ́tò, jẹ́ kí n wò ó.” N ò ráyè yí i kúrò. Ó sún un mọ́ ojú, ó sún un sẹ́yìn, ó pẹ́ lórí rẹ̀.

“Ọmọ mélòó ló ní?”

“Méjì ni, Mà. Ó ku ẹyọ kan.”

Ó mirí. Ó dá kámẹ́rà padà fún mi jẹ́jẹ́.

“Òròmọdìẹ márùn-ún,” ló wí. Ó ní kí n dìde, ó sì gbé àpótí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ.