Ìwé Owó-Oṣù Ẹni Mẹ́rin

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé sí mi pé kí n wá máa bá àwọn kọ kóòdù, 60,000 pọ́n-ùn lọ́dún. Berlin ni mo wà, 60,000 yúrò ni wọ́n ń san fún mi níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣẹ́ pọ́n-ùn sí yúrò rí mọ ìdí tí orí mi fi wú. Mo ti ń ro bí n ó ṣe máa jẹ àmàlà ní Peckham, àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ní gbogbo Sátidé, tí ọmọ mi á máa gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíì yàtọ̀ sí èmi àti ìyá rẹ̀. Ìyàwó mi ló ní kí n rọra. Ó ní, "Ìròyìn ò tó àfojúbà. Lọ wò ó ná."

Ni mo bá gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Mo sì pinnu pé n ó kúkú yà lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tá a jọ jáde ní yunifásítì, tí iṣẹ́ yìí kan náà gbé wá sí Yúróòpù. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ gbogbo wọn: kí wọ́n jẹ́ kí n rí ìwé owó oṣù wọn. Láàárín wa, eélòó ni wọ́n ń san la máa ń béèrè. A kì í béèrè eélòó ló ń kù, bẹ́ẹ̀ èyí tó kù ni màmá mi ní Ìbàdàn ń rí.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ tú tèmi síta. 5,000 yúrò loṣù ni wọ́n kọ sókè ìwé náà. Nígbà tí mo dé Berlin ní àpọ́n, Steuerklasse I, ìyẹn ìpín kìíní owó orí, ni wọ́n fi mí sí, 3,000 àti díẹ̀ ló sì ń wọ àkáǹtì mi. Mo rò pé wọ́n ṣìṣirò ni. Mo gbé e lọ bá obìnrin tó ń bójú tó owó oṣù wa, ó mú bírò, ó ń fi tọ́ka sí ìlà kọ̀ọ̀kan: èyí owó orí, èyí ìlera, èyí owó ìfẹ̀yìntì, 9.3 nínú ọgọ́rùn-ún, ilé-iṣẹ́ sì ń fi iye kan náà kún un. Èyí fún ìgbà tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Èyí fún ìtọ́jú àwọn arúgbó, ẹni tí kò tíì bímọ sì ń san ju ẹni tó ti bímọ lọ.

Ìlà owó ṣọ́ọ̀ṣì ló bá mi lójijì. Lọ́jọ́ tí mo forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú, wọ́n béèrè ẹ̀sìn mi, mo sì fi ìdùnnú dáhùn pé Kátólíìkì ni mí. Ní Berlin, 9 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí rẹ ni ìdáhùn yẹn ń gbà lọ. Mi ò yọ orúkọ mi kúrò, torí mi ò lè fọwọ́ ara mi kọ̀wé pé mi ò ṣe Kátólíìkì mọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó ń bọ̀ ti mọ̀ kó tó la ẹnu.

Nígbà tí ìyàwó mi dé, tí kò tíì ríṣẹ́, wọ́n gbé mi sí ìpín kẹta owó orí. Owó tó ń wọlé fi bíi 400 yúrò gòkè láìjẹ́ pé ọ̀gá mi fi kọ́bọ̀ kún un. A bímọ, ìjọba tún ń fún wa ní owó lórí ọmọ, 255 yúrò loṣù ní 2025.

Káàdì ìgbélùú Jámánì ò ṣílẹ̀kùn Lọ́ńdọ̀nù o. Físà ni mo gbà, bí ẹni tó ń ti Ìbàdàn bọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo dé sí, ní ẹ̀yìn Rye Lane, ní Peckham. Ọkọ wọn náà ń kọ kóòdù, 60,000 pọ́n-ùn gan-an ni wọ́n sì ń gbà. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, bọ̀ọ̀dá mi kó àwo kúrò lórí tábìlì, wọ́n tẹ́ ìwé owó oṣù wọn sílẹ̀, mo tẹ́ tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Tiwọn kúrú, ó sì yéni. Kò sí owó orí lórí 12,570 àkọ́kọ́. Láti ibẹ̀ dé 50,270, 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó bá lé, 40. National Insurance, owó ìdójútòfò ìjọba, gba tirẹ̀. Kí wọ́n tó yọ owó ìfẹ̀yìntì, 3,780 pọ́n-ùn ló kù loṣù. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò rí i pé ó dáa!" Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n dojú ìwé náà bolẹ̀, wọ́n ń kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Owó ilé, 1,850. Council tax, owó orí ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà, 150. Iná, gáàsì àti omi, 180. Owó ọkọ̀, 170. Lẹ́yìn náà wọ́n kọ 1,620, wọ́n sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Owó jẹ́lé-ó-sinmi ọmọ wọn ọlọ́dún méjì nìyẹn. Mo ròó pọ̀ nínú ọkàn mi: ó ti ju owó oṣù wọn lọ, a ò sì tíì ra iṣu kan.

Owó tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbà nílé ìwòsàn ló ń bọ́ ilé. Tí wọn ò bá lọ síbi iṣẹ́, kò sóúnjẹ. Tí wọ́n bá lọ, ọmọ gbọ́dọ̀ wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Mo ní mo gbọ́ pé ìjọba ń san wákàtí 30 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún, fún òbí tó ń ṣiṣẹ́ ní England, látorí ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. Físà iṣẹ́ ni àwọn méjèèjì wà lórí rẹ̀, ó sì wà nínú rẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìrànwọ́ ìjọba. Wákàtí 30 náà ò kàn wọ́n. Owó orí wọn ò fi pẹ́ńnì kan dín sí ti aládùúgbò wọn tó ń jẹ ẹ̀tọ́ yẹn. Ó dùn mí, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ní Berlin, láti ọdún 2018 ni Kita, jẹ́lé-ó-sinmi tibẹ̀, ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. 23 yúrò loṣù là ń san, owó oúnjẹ.

Bọ̀ọ̀dá mi tún rán mi létí owó ìlera tí wọ́n ń gbà kí físà tó jáde: 1,035 pọ́n-ùn lọ́dún fún àgbà, 776 fún ọmọdé. Àwa mẹ́ta, fún ọdún márùn-ún: 14,230, ká sì san án lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé-iṣẹ́ tó kọ̀wé sí mi ò mẹ́nu bà á.

Síbẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù dùn. Ní àárọ̀ Sátidé, ìyá kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní Rye Lane pè mí ní "ọkọ mi", ó fi ọ̀kan ṣe èènì fún mi, ó sì bi mí pé ọmọ ta ni mí nílùú wa. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ti bi mí ní ìbéèrè yẹn.

Láti ibẹ̀ mo wọkọ̀ òfuurufú lọ Zurich, ní Switzerland. 10,000 fráǹkì ni ọ̀rẹ́ mi ń gbà loṣù, bíi 7,800 ló sì ń kù. Ẹnu mi là sílẹ̀. Àmọ́ owó ìlera ò sí nínú ohun tí wọ́n yọ. Fúnra rẹ̀ ló ń rà á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé, àgbà tó bá sì mú èyí tó pọ́ọ́kú jù á fi owó ara rẹ̀ san 2,500 fráǹkì àkọ́kọ́ nílé ìwòsàn lọ́dún. Jẹ́lé-ó-sinmi jẹ́ 130 fráǹkì lójúmọ́ fún ọmọ kan. Ọmọ wọn jẹ́ méjì, ìyẹn ni ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ apòògùn, fi jókòó sílé. Bí o bá jẹ́ àpọ́n tó fẹ́ kówó jọ, má wo ibòmíì, Zurich ni kó o lọ.

Tallinn, ní Estonia, ló kẹ́yìn, ibẹ̀ ló sì yà mí lẹ́nu jù. 4,000 yúrò péré ni wọ́n ń san fún ọ̀rẹ́ mi kejì. Ní 2025, owó orí ibẹ̀ ò ní ìpín-ìpín lórí irú owó oṣù bẹ́ẹ̀: 22 nínú ọgọ́rùn-ún, ó parí. Ọ̀gá rẹ̀ ń san 33 nínú ọgọ́rùn-ún mìíràn lórí rẹ̀, tí kò sí nínú ìwé tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìfẹ̀yìntì àti ti àìríṣẹ́ṣe, 3,000 yúrò ló kù, iye tí èmi náà ń mú lọ sílé nígbà tí mo wà ní àpọ́n, èmi tí wọ́n ń san 5,000 fún. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ nílùú náà, láti ọdún 2013. Ó fi fóònù rẹ̀ hàn mí bí ìjọba ṣe ti kọ fọ́ọ̀mù owó orí rẹ̀ sílẹ̀ dè é; kó kà á, kó fọwọ́ sí i. Èmi tí mo ń fi òpin ọ̀sẹ̀ kan gbáko jìjàkadì pẹ̀lú ti Jámánì!

Mo padà délé lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ní Mọ́ńdè, mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù pé mo dúpẹ́, mi ò ní lè wá.

Lọ́jọ́rú, bọ̀ọ̀dá mi fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n ń béèrè nípa Blue Card, ìwé ìgbélùú tí Jámánì ń fún àwọn àjèjì tó mọṣẹ́. Mo sọ ohun tí mo mọ̀: fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní 2025, kí owó ọdún má dín ní 43,759.80 yúrò, ẹni tó bá sì ti fi ọdún mẹ́ta ṣe é dáadáa lè gbà á láìní dìgírì. Mo tún sọ òótọ́ kan fún wọn, pé ilé ní Berlin nira ju iṣẹ́ lọ. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wá tiwa, onílé sì gba owó ilé oṣù mẹ́ta sílẹ̀ kó tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ní àwọn gbọ́, kí n ṣáà máa bá àwọn wá ilé oníyàrá méjì, tí Kita ò bá ti jìnnà. Mo ti rí ọ̀kan ní Wedding, àdúgbò kan ní Berlin, ọ̀la ni mò ń lọ wò ó.