Àáró ni tàbí Ọ̀wẹ̀?

Alẹ́ Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni mo ti wà ní gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Peckham, níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí a ti ń pín oúnjẹ fún àwọn tí owó oṣù wọn kò tó ná, ẹsẹ̀ sì ń ro mí di ìsinsìnyí. Àwa mẹ́fà ni a wá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Èmi nìkan ni mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí a bí sí ìlú yìí. Nígbà tí a ń to agolo ẹ̀wà, mo bi wọ́n léèrè ohun tí ó ń mú ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ dé wá síbi tí a kì í ti í san kọ́bọ̀.

Ọmọbìnrin ará Ìbàdàn tí ó ń kàwé gboyè kejì ni ó kọ́kọ́ dáhùn, kò sì fi ohunkóhun bò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé ìjẹ́rìí ni mo bá wá." Gbogbo ibi tí ó ti ń wáṣẹ́ ni wọ́n ti ń béèrè ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ Ìbàdàn ni gbogbo àwọn tí ó mọ̀ ọ́n wà. Òfin kò sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ ṣiṣẹ́ owó ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé. Èmi kò rí ẹ̀gàn kankan nínú ìdáhùn rẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n oṣù karùn-ún rèé tí mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé náà fún un, síbẹ̀ ó wà níbẹ̀ lónìí, ó ń yí agolo kọ̀ọ̀kan kí déètì ara rẹ̀ lè kọjú síta. Mo rán an létí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní níbi iṣẹ́ alẹ́ òun, ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá láìsí ẹni tí yóò pe orúkọ òun, ṣùgbọ́n bí òun bá pa Sátidé kan jẹ, màmá ará Jàmáíkà tí ó máa ń wá ní aago mọ́kànlá yóò béèrè òun.

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin ará Sudan le ju ìyẹn lọ. Ó ti tọrọ ibi ìsádi, ìjọba kò sì gbà kí irú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ owó. Ó di ìgbà tí ọdún kan bá kọjá tí wọn kò tíì dá ẹjọ́ rẹ̀ kí ó tó lè béèrè àyè. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹgbẹ́ aláàánú kò léèwọ̀ ní tirẹ̀. Oníṣẹ́ iná ni nílé. Lónìí, ó tú ìkòkò oníná tí a fi ń se omi tíì, ó sì tún un ṣe. Nígbà tí omi hó, ó dúró tì í, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn.

Àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ wa máa ń pe gbogbo èyí ní inú rere, bí ẹni pé ọ̀wẹ̀ ni: ẹni tí ó níṣẹ́ bẹ ènìyàn, wọ́n bá a ṣe é, ó fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n lálejò, ó parí. Lójú tèmi, ó jọ àáró tí bàbá àgbà mi máa ń ṣe lóko kòkó ní Ìjẹ̀ṣà: lónìí gbogbo ẹgbẹ́ wà lóko tèmi, lọ́la a ó kọrí sí tìrẹ, ẹni tí kò bá sì san tirẹ̀ kò ní lè gbé ojú sókè láàárín wọn.

Ọmọ Èkó tí ó kéré jù nínú wa ni ó mú mi rò bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà òtútù tí ó kọ́kọ́ bá a ní ìlú yìí, iwájú tábìlì wa yìí ni ó dúró sí, ó sì gba àpò oúnjẹ mẹ́rin kí ó tó ríṣẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, àfi lónìí. Mo ní, "Àbúrò, o ti san án tán tipẹ́." Ó gbé páálí ìrẹsì lé èjìká, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi lọ́nà."